Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Wo Ló Bá A Mu? Ìbéèrè Tí Ẹ Bi Mí Títí Tó Fi Sú Mi

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Ìbàdàn, èmi náà ni mo sì ń tún un ṣe. Kẹ̀kẹ́ agungòkè ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí táyà rẹ̀ ní eyín bíi ti katapílà, tí àwọn ọmọ ń pè ní mountain bike. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í gbé táyà tí kò bá ríìmù rẹ̀ mu wá, tí á ní kí n ṣáà bá òun fi tipá wọ̀ ọ́. Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu ti ń bó mi. Ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí.

Ìbéèrè: Kí ni 26, 27.5 àti 29 tí wọ́n ń kọ sára táyà?

Ínǹṣì ni. Bí táyà bá kún, tí ẹ wọ̀n ọ́n láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, iye tó yẹ kó jẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn ni, kì í fìgbà gbogbo pé bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò ni èyí tí wọ́n kọ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ táyà, irú bíi 54-559. Àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó. Èkejì, tó jẹ́ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́ta, ni ìwọ̀n ibi tí etí táyà ti ń jókòó lórí ríìmù, mìlímítà ni wọ́n fi kà á. 26 ti kẹ̀kẹ́ agungòkè jẹ́ 559. 27.5 jẹ́ 584. 29 jẹ́ 622. Bí nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́ta ti táyà kò bá bá ti ríìmù dọ́gba, ẹ dá owó yín dúró.

Ẹ tún wo nọ́ńbà wọ̀nyẹn dáadáa. Láti 559 dé 584, 25 péré ni. Láti 584 dé 622, 38 ni. Ẹni tó bá sọ pé 27.5 wà láàárín gbùngbùn 26 àti 29 kò tíì wọ̀n ọ́n rí.

Ìbéèrè: Ríìmù mi ní 700C lára, táyà tí mo rí rà sì jẹ́ 29. Ṣé ó lè wọ̀ ọ́?

622 ni méjèèjì. Ó lè wọ̀ ọ́. Ẹ kàn wò ó bóyá férémù yín ní àyè fún fífẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Tíúbù 26 ni mo ní nílé, táyà mi jẹ́ 27.5.

Rọ́bà ni tíúbù, ó ń nà. Ẹ lè fi dé ilé. Sínú 29, rárá.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 8 ni ọmọ mi. Mo fẹ́ ra 26 fún un, kó lè dàgbà bá a.

Ẹ̀yin òbí! Ṣé ẹ máa ń ra bàtà nọ́ńbà 42 fún un kó lè dàgbà bá a? Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ máa ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta kò ní gun kẹ̀kẹ́ náà mọ́. 20 ló bá ọmọ ọdún 8 mu. Bó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, 24. Bó bá dàgbà, ẹ gbé e padà wá, mo máa rà á lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Àgbàlagbà ni mí. Èwo ni kí n rà?

Ẹ dìde dúró, ẹ wọn ara yín. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹni tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 4, kó má wo 29. Kó mú 26 tàbí 27.5. Ẹni tó bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 8, 29 máa tù ú lára. Ẹni tó wà láàárín, kó gun méjèèjì níwájú ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó. Bí ẹ bá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín ń kan táyà iwájú, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ti tóbi jù fún férémù kékeré yẹn nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ fún yín pé ẹ máa mọ́ ọn lára.

Ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí lójú ọ̀nà rèé. Ẹsẹ̀ ńlá kì í ri sínú kòtò bíi ti kékeré, ó máa ń gba orí rẹ̀ kọjá ni. Lójú títì tiwa yìí, oore ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wúwo láti gbé kúrò níbi tó dúró sí. Jíà kan náà tí ẹ fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí 26 máa le ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí 29. Ẹ gùn ún láti Bẹẹrẹ lọ sókè Màpó, itan yín á sọ ìyókù.

Àwọn kan á ní 29 ló yára jù, gbogbo ayé ló ti gbà bẹ́ẹ̀. Nínú eré kẹ̀kẹ́ agungòkè ní Òlíḿpíìkì London ní 2012, Jaroslav Kulhavý ará Czech gun 29, Nino Schurter ará Switzerland gun 27.5. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni Kulhavý fi gba góòlù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kulhavý ga fíofío, Schurter kò ga púpọ̀, oníkálukú sì gun èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Ní Rio ní 2016, Schurter ti bọ́ sórí 29, ó sì gba góòlù. Ẹ̀yin ẹ ṣáà rántí pé ẹ̀yin kọ́ ni Schurter, kò sì sí ẹni tó ń dúró pẹ̀lú táyà tuntun dè yín ní títì Ìwó.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé 26 ni mo ṣì máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn géńdé tó dá eré kẹ̀kẹ́ agungòkè sílẹ̀ ní California, lórí òkè Tamalpais, láàárín ọdún 1970 sí 1979, kẹ̀kẹ́ àlòkù olójú táyà gbọ̀ngbọ̀n ni wọ́n ń gùn sọ̀ kalẹ̀ látòkè, 26 sì ni táyà rẹ̀. Gbogbo ayé tẹ̀ lé wọn fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, 26 ló kún inú kọ̀ǹténà tòkunbọ̀, òun sì ni táyà àti tíúbù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí 27.5 bá jò mọ́ yín lọ́wọ́ ní Ìsẹ́yìn, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn.

Ìbéèrè: Táyà tí mo rà wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ atẹ́gùn sí i, á yọ jáde, tíúbù á sì bẹ́. Tíúbù kẹta rèé.

Ẹ fìdí kalẹ̀. Èyí ti fojú mi rí màbo.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tíṣà kan gbé kẹ̀kẹ́ wá, tòkunbọ̀ láti Jámánì, férémù rẹ̀ le koko. Táyà tó bá a wá láti òkè òkun ti gbó. 28 x 1.75 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Tíṣà ti ra tuntun lọ́jà kó tó wá bá mi, 28 náà ni wọ́n kọ sí tirẹ̀, 28 x 1½. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi wọ̀ ọ́." Mo wo 28, mo wo 28. Mo gbà á.

Ohun tó yẹ kó ta mí lólobó ni pé ọwọ́ lásán ni mo fi wọ táyà náà. Ṣíbí tí mo fi ń ti etí táyà wọlé, èyí tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ kọrọdọ nítorí iṣẹ́ yìí, inú àpótí ló wà. Táyà tuntun kì í wọlé bẹ́ẹ̀, ó máa ń bá èèyàn jà. Dípò kí n fura, inú mi ń dùn pé iṣẹ́ yá. Mo fẹ́ ẹ díẹ̀, mo yí i, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo fẹ́ ẹ sí i. Ni etí táyà bá gun orí ríìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tíúbù sì yọ síta níbẹ̀ bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké. Kí ọwọ́ mi tó dé ẹnu tíúbù, gbàù! Màmá oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì ti ká ọwọ́ lérí.

Mo ní tíúbù ni kò dáa. Mo ra òmíràn. Gbàù. Mo ní rọ́bà tó bo orí sípóòkù nínú ríìmù ló ti gbó, mo pààrọ̀ rẹ̀. Gbàù. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún tíṣà pé ayédèrú táyà ni wọ́n tà fún un. Ó padà sọ́jà lọ bá ẹni tó tà á fún un jà, ìyẹn sì fún un ní òmíràn, irú kan náà. Mo bu omi ọṣẹ sí etí rẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Ọṣẹ wá mú kó tètè yọ̀ jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tíúbù kẹrin lọ bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà, iná ti lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀, ó kéré, dúdú lórí dúdú. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ọmọ mi pa á, ó yọ funfun: 40-635. Mo gbé táyà àtijọ́, mo pa ṣọ́ọ̀kì sí òun náà: 47-622. Ríìmù ńkọ́? Ẹnì kan ti kùn ún ní ọ̀dà kó lè dà bíi tuntun, ọ̀dà sì ti bo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Mo fi abẹ họ ọ́, mo họ ọ́ títí, 622 yọjú.

Mìlímítà 13 ló gba ọjọ́ méjì àti tíúbù mẹ́rin lọ́wọ́ mi. 28 x 1½, tó jẹ́ 635, ni táyà Raleigh gíga tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko kòkó, ó sì ṣì wà lọ́jà nítorí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. 28 x 1.75 tí wọ́n ń lò ní Jámánì, 622 ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú 29 àti 700C. Táyà 635 tóbi ju ríìmù 622 lọ. Ìyẹn ló ṣe wọlé láìjà, ìyẹn náà ló ṣe ń sá jáde bí atẹ́gùn bá ti tì í. Mo san owó tíúbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún tíṣà. Mi ò lọ sọ fún ọlọ́jà yẹn pé táyà rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ó yẹ kí n lọ.

26 náà ní irú wàhálà yìí. 26 x 1.75 jẹ́ 559, ṣùgbọ́n 26 x 1⅜, tó wà lára kẹ̀kẹ́ alápẹ̀rẹ̀ iwájú tó ń ti Japan wá, 590 ni. 26 x 1½ sì tún jẹ́ 584! Nítorí náà, bí ẹ bá rí 1½ lára ọ̀kan, tí ẹ rí 1.5 lára èkejì, ẹ má rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ wá ṣọ́ọ̀kì.

Ìbéèrè: Férémù mi jẹ́ ti 26. Ṣé mo lè fi ẹsẹ̀ 29 sí i?

Rárá. Táyà á máa ha férémù lẹ́yìn, bí ó bá tiẹ̀ wọlé rárá.

27.5 ńkọ́? Ó sinmi lórí bíréèkì yín. Bó bá jẹ́ èyí tí rọ́bà rẹ̀ ń fún ríìmù, kò ṣeé ṣe, torí ríìmù á ti fi mìlímítà 12 àti ààbọ̀ ga kọjá ibi tí rọ́bà ń gbá. Táyà ni rọ́bà á máa jẹ. Bó bá jẹ́ ti díìsìkì, ó lè ṣeé ṣe pẹ̀lú táyà tín-ín-rín. Kí àyè tó tó mìlímítà 6 ó kéré tán ṣẹ́ kù láàárín táyà àti férémù, lọ́tùn-ún, lósì àti lókè, torí ẹrẹ̀ ń bọ̀ lásìkò òjò. Mo ti bá èèyàn méjì ṣe é rí. Ọ̀kan nínú wọn ti ní kí n dá 26 òun padà.

Ìbéèrè: Mo ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn 29 pípé, 622 ni, síbẹ̀ kò wọ férémù 29 mi.

Ìwọ̀n táyà kọ́ nìyẹn o, irin àárín rẹ̀ ni. Ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 135 lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ tuntun jẹ́ 148. Ẹ má fi ipá ya férémù sí méjì. Ẹnì kan ṣe é, ó sán.

Ìbéèrè: Mo rí kẹ̀kẹ́ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ 29, tí ẹ̀yìn jẹ́ 27.5. Ṣé wọ́n ṣì í ṣe ni?

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Iwájú á máa gba orí òkúta kọjá, ẹ̀yìn á máa tètè yà. Láti 2019 ni àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé ti gbà á láàyè. Ẹ ra tíúbù oríṣi méjì pamọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tú sípóòkù ẹsẹ̀ 26 mi, kí n fi ríìmù 29 tò ó fúnra mi? Mo ti wo fídíò rẹ̀.

Sípóòkù 26 kúrú, kò lè dé ríìmù 29. Kódà bí ẹ bá ra tuntun, 32 tàbí 36 ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ríìmù kò fi ní mì mọ́. Ọdún méjì ni ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e wá, pẹ̀lú táyà àtijọ́. Aago mẹ́sàn-án ni mo ń ṣí. Mi ò ṣí lọ́jọ́ Àìkú.