Ẹ Má Fi Ìdáhùn Ṣáájú Ìbéèrè: Àṣìṣe Àwa Tí À Ń Kọ́ Ọmọdé ní Sáyẹ́ǹsì

Èyí tó burú jù nínú àṣìṣe àwa tí à ń kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì ni kí olùkọ́ ti kọ ìdáhùn sójú pátákó kí ọmọ tó ráyè sọ ohun tó rò. Ẹ wo ẹ̀kọ́ lórí ohun tó ń léfòó àti ohun tó ń rì. Tí ẹ bá kọ ọ́ fún wọn, wọ́n á há a sórí, wọ́n á gba máàkì, ó parí. Ẹ gbé abọ́ omi kalẹ̀, ẹ na ìṣó kan àti ìtì igi sókè, kí ẹ bi wọ́n pé èwo ló máa rì. Ọ̀pọ̀ á ní igi ni, torí ó wúwo jù. Ẹ má tíì sọ pé wọn ò gbà á. Kí kálukú kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn jù ú sómi. Ariwo tó máa sọ nígbà tí ìṣó bá rì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ọmọ ò mọ nǹkan kan. Ó ti ní àlàyé tirẹ̀ nílẹ̀, bíi pé erùpẹ̀ ni igi ń jẹ tó fi ń tóbi. Àgbà náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Jan Baptist van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láyé àtijọ́, gbin igi kan sínú ìkòkò fún ọdún 5. Igi náà fi nǹkan bíi kílò 74 wúwo sí i, erùpẹ̀ kò sì dín ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ. Ó wá ní omi nìkan ló di igi, kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ náà wà lára ohun tó ń di igi. Ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn, ẹ má yọ àṣìṣe rẹ̀ kúrò.

Ìkánjú ńkọ́? Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú ná.

Àmọ́ kí ẹ kó irinṣẹ́ fún wọn kí ẹ jókòó, ìyẹn náà ò dáa. Ní 2004, àwọn olùwádìí méjì, David Klahr àti Milena Nigam, fi hàn pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin tí a kọ́ ní tààrà bí a ṣe ń ṣe àdánwò tó tọ́ mọ̀ ọ́n ju àwọn tí a ní kí wọ́n wá a rí fúnra wọn. Tó bá jẹ́ gíga pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń mú bọ́ọ̀lù yí jìnnà, bọ́ọ̀lù kan náà, pákó kan náà ni kí wọ́n lò. Gíga rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n yí padà. Ẹ ṣe é lójú wọn kí wọ́n tó ṣe tiwọn.

Tí ìdánwò bá sì dé, ẹ má bi wọ́n ní “kí ni” nìkan. Ẹ fi “kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?” kún un, kí ẹ sì fún un ní máàkì tó pọ̀.