Ìrírí mi: bí a ṣe yan ọ̀ràn omi lẹ́yìn tí ìwọ́de ojú ọ̀nà jẹ wá lówó

₦163,000 ni a ná sórí ìwọ́de wa àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni a gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 326 kọ̀ọ̀kan, kò sì sí kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà tí owó náà dí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dá owó yẹn ni kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ tí wọ́n dá a. Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ ìrírí yìí sílẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbé kalẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti wá, a sì mọ ìyà tí ojú ọ̀nà ń fi jẹ àwọn òbí wa nígbà tí wọ́n bá ń kó iṣu àti gaàrí lọ sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tí ẹnì kan dìde nínú ìpàdé tí ó ní kí a wọ́de nítorí ọ̀nà náà, àtẹ́wọ́ ni gbogbo yàrá fi dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí ó béèrè ta ni ó ni ọ̀nà. Èmi náà kò béèrè, ó sì ń dùn mí títí di òní.

A ṣe tíṣáàtì, a tẹ bánà, a háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti bọ́ọ̀sì méjì, a sì san ₦10,000 fún ọkùnrin kan tí ó ní òun yóò bá wa gba ìwé àṣẹ ìwọ́de. Nínú gbogbo owó tí a ná, ti ọkùnrin yìí ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí pé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti dá a lẹ́jọ́ láti ọdún 2007 pé kò pọn dandan kí ará ìlú gba àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó wọ́de, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì sọ ọ́ di ojúṣe ọlọ́pàá láti dáàbò bo ìwọ́de tí a bá ti fi tó wọn létí. Lẹ́tà ìfitónilétí kan péré ni ó yẹ kí a kọ. Nígbà tí a dé sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, òṣìṣẹ́ àgbà kan jáde sí wa, ó kí wa, ó gbọ́ wa tán, ó wá ṣàlàyé pé ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, àti pé àwọn kò ní àṣẹ láti da ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ kan sí i. Òótọ́ ni ó sọ. A kó ara wa padà sílé, ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ìgbìmọ̀ wa mọ́.

Nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà tuntun bẹ̀rẹ̀, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì kọ gbogbo àbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú wá sínú rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo bi àbá kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ta ni ó lè buwọ́ lùwé kí nǹkan yìí yí padà, ṣé a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì rẹ̀, kí sì ni a ó kà láti mọ̀ pé ó ti yí padà? Mẹ́jọ ṣubú lójú ẹsẹ̀, títí kan ọ̀ràn ọ̀nà tí ó sún mọ́ ọkàn mi jù lọ. Omi họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin ni ó dúró gbọn-in.

Àwọn kan bínú. Wọ́n ní ọ̀ràn omi kéré jù fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pé ti orílẹ̀-èdè ni ó yẹ kí a máa jà fún. Mo dá wọn lóhùn pé nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, ọ̀rọ̀ òmìnira Áfíríkà wà lẹ́nu wọn, síbẹ̀ wọ́n tiraka títí wọ́n fi ṣí ilé ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1933, nítorí pé àwọn onílé kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú. Mo tún rán wọn létí ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ lójúmọ́ láti kọ́bọ̀ 50 sí náírà kan àti kọ́bọ̀ 50. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó bí ìwọ́de tí a ń pè ní Ali Must Go (Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà), tí Ṣẹ́gun Òkèowó, ààrẹ NUNS, ẹgbẹ́ àpapọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, ṣáájú rẹ̀. Wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀, ìjọba sì fòfin de NUNS, kí NANS, ẹgbẹ́ tí ó rọ́pò rẹ̀, tó dìde ní ọdún 1980. Ohun tí ó wà nínú àwo oúnjẹ ènìyàn kì í ṣe ohun kékeré. Èyí tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò sì kéré.

Kíkà kò fún wa ní wàhálà. Ẹ̀rọ omi mẹ́rin ni ó wà níta họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣàn, fún wákàtí méjì láàárọ̀. Fún ọjọ́ 14, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 20 kọ iye kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà sílẹ̀. Ẹni tí ó ra mẹ́ta lóòjọ́ ní ₦100 kọ̀ọ̀kan ti ná ₦4,200 nígbà tí ọjọ́ 14 náà pé.

Lẹ́tà tí a fi béèrè àkọsílẹ̀ ọ̀ràn omi náà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láì sọ ìdí rẹ̀, ó sì fún iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ìgbà tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ wọn ni ọjọ́ méje náà ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, a nílò òǹtẹ̀ àti déètì lára ẹ̀dà tiwa, òǹtẹ̀ yìí ni a sì fi ọjọ́ 19 wá.

Ní ọjọ́ kìíní, akọ̀wé kékeré tí ó wà nídìí gbígba lẹ́tà ní lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ń bójú tó ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. Ọ̀gá náà ti rìnrìn àjò. Nígbà tí ó dé, ó ní olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ wa kò tíì buwọ́ lù ú. Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni olùdámọ̀ràn ń wá, mo sì dúró níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì kí n tó rí i. Ó buwọ́ lù ú láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo gbé e padà, wọ́n ní orúkọ oyè tí a kọ sókè kò tọ̀nà, kí a tún un tẹ̀. A tún un tẹ̀. Wọ́n ní òǹtẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sìnkú. Nígbà tí ó ti ibi ìsìnkú dé, ó ka lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Mo lọ lọ́la, mo lọ lọ́tùúnla, mo sì pàdánù ìdánwò kékeré kan tí olùkọ́ kò gbà kí n tún ṣe. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Ìyá àgbà kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà ni ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọ̀kun o, ọmọ mi,” ni ó wí. “Ẹ̀rù ń ba ẹni tí ó ni òǹtẹ̀. Ó rò pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́, òun ni wọn ó bi. Lọ fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣe é ní rẹ́jísítà.” Mo ní, “Ẹ ṣé, mà,” mo sì sáré jáde. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n fún mi ní rìsíìtì tí ó ní déètì. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń rán lọ kó lẹ́tà buwọ́ lùwé pé òun gbà á. Ohun tí ọjọ́ 19 kò ṣe, ọjọ́ méjì ṣe é.

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ kẹfà. Ó fi hàn pé wọ́n ti tún ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan, nítorí pé iná tí kò lágbára tó ń jó o, àpapọ̀ owó àtúnṣe náà sì ju iye stabilizer kan, ẹ̀rọ tí ń mú kí agbára iná dúró déédéé, lọ. Ibí ni orí mi ti wú. A kò wọ́de. Tábìlì ni a jókòó sí pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ wa àti ìwé tiwọn, a sì béèrè stabilizer. Wọ́n rà á kí oṣù tó parí.

Bí mo bá tún un ṣe, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni n ó kọ́kọ́ lọ, n kò sì ní tẹ tíṣáàtì kan kí n tó mọ orúkọ oyè ẹni tí ó lè buwọ́ lu ohun tí mo ń béèrè. N ó tún ní kí àwọn tí ìyà náà ń jẹ ṣáájú: àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 20 yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn dá wa padà níbi tábìlì. Ẹ̀rọ mẹ́ta ń ṣàn báyìí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Páìpù ẹ̀kẹrin ti bẹ́ nínú ilẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì ti kúrò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé.