Auracast ní gbọ̀ngàn: àwọn àṣìṣe tó ń mú kí ẹni tí kì í gbọ́ràn dáadáa má gbọ́ nǹkan kan

Ọdún 2022 ni àjọ Bluetooth SIG, tó ń ṣètò ìmọ̀ Bluetooth, sọ ọ̀nà kan tí Bluetooth fi ń fọ́n ohùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Auracast. Ẹ̀rọ kan á máa fọ́n ohùn káàkiri gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn èyíkéyìí tó bá lè gbà á á sì gbé e wọ etí olówó rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ má tètè di ẹ̀bi ru rédíò inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ti mú ohùn.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ gbé máíkì kan síwájú sípíkà, kí ẹ wá so ó mọ́ Auracast. Ìró tó ń ta padà lára ògiri, fáànù àti ikọ́ èrò, tó ti ń da ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn láàmú tẹ́lẹ̀, náà lẹ ń kó lọ bá a. Inú míksà, ẹ̀rọ tó ń po gbogbo ohùn pọ̀, ni kí ẹ ti mú un. Ẹ ya aux kan (ojú ìjáde ohùn tó dá dúró) sọ́tọ̀, kó jẹ́ mono (ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo) àti pre-fader (tí ẹ mú kí ohùn tó dé bọ́tìnì tó ń gbé e sókè sódò): bí ẹ bá rẹ máíkì sílẹ̀ torí pé sípíkà ń súfèé, ohùn tó ń lọ sétí èèyàn ò ní bá a rẹlẹ̀. Kí ohùn olùsọ̀rọ̀ lékè dùùrù àti ìlù dáadáa. Ẹni tó bá sì dìde béèrè ìbéèrè láì gba máíkì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún “High Quality” tó wà nínú ètò ẹ̀rọ tó ń fọ́n ohùn. 48 kHz nìyẹn (ìgbà ẹgbẹ̀rún 48 ni ẹ̀rọ ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló lè gbà á. 16 tàbí 24 kHz ni gbogbo ẹ̀rọ tó mọ Auracast ń gbà, ó sì tó ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń fọ́n ohùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sẹ́yìn àpótí onírin. Ìgbì rédíò 2.4 GHz ló ń lò, omi inú ara èèyàn sì máa ń gbé ìgbì yẹn mì. Ẹ gbé e ga ju orí ẹni tó dìde dúró lọ, kó jìnnà sí Wi-Fi. Àyẹ̀wò inú gbọ̀ngàn òfìfo kò tó. Kí ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ sáùńdì fi ẹ̀rọ tó ń gba Auracast sétí ní ìlà ẹ̀yìn títí ètò á fi parí, torí ẹni tí kò gbọ́ kì í sábà sọ, á kàn máa mi orí ni.

Bí ohùn bá kọ́kọ́ gba kọ̀ǹpútà tó ń ṣe Zoom kọjá, á pẹ́ dé, ètè àti ọ̀rọ̀ ò sì ní bára mu mọ́ fún ẹni tó ń wo ẹnu. Ẹ so ẹ̀rọ tó ń fọ́n ohùn mọ́ UPS, bátìrì tó ń gbé iná dúró, pẹ̀lú: bí iná bá lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ó lè jẹ́ pé oníkálukú ni yóò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ẹ fi orúkọ gbọ̀ngàn rọ́pò orúkọ tó bá wá láti ilé iṣẹ́, ẹ má sì fi kóòdù dí i àfi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àṣírí.

Ẹ má tíì tú waya lúùpù àtijọ́, èyí tó ń fi agbára òòfà gbé ohùn lọ sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ní telecoil (waya kíká inú rẹ̀ tó ń gba ohùn lúùpù) ni kò mọ Auracast. Bí ẹni tó ń lo irú rẹ̀ bá fẹ́ gbọ́ Auracast, ó nílò ẹ̀rọ agbohùn kékeré pẹ̀lú lúùpù tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ti ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rárá, ẹ̀rọ agbohùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú hẹ́dífóònù tó bo etí ni kí ẹ fún un.