Páánù ilé adìẹ: funfun lókè, dídán lábẹ́

Ọ̀nà Ọ̀dà, ní Akúrẹ́ níbí, ni mo ti ń sin adìẹ. Tó bá ti di oṣù kejì sí ìkẹta, àwọn léyà á máa yanu mí, ẹyin á sì dínkù. Ẹ wọ ilé adìẹ yín ní aago méjì ọ̀sán, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè sí páánù láì fọwọ́ kàn án. Ooru tí ẹ ó gbọ́ lọ́wọ́ yẹn, páánù ló ń rọ̀jò rẹ̀ sórí wọn. Ṣíṣí ẹ̀gbẹ́ ilé sílẹ̀ fún atẹ́gùn dára, àmọ́ kò dá ooru tó ń ti ara páánù wá yẹn dúró.

Òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Nínú ìtànṣán oòrùn 100, ọ̀dà funfun tuntun ń dá bí 80 padà. Dúdú ò ju bí 5 lọ. Páánù tuntun tó ń dán náà ń dá oòrùn padà, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbà mọ́ra kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń jóni lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Ẹ ha ibi tó bá dógùn-ún, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì ní kùtùkùtù. Ẹ má fi gloss, ìyẹn ọ̀dà olóróró, kun páánù síńkì tuntun ní tààrà o, yóò bó. Acrylic ti ìta ilé, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, ni kí ẹ rà.

Abẹ́ páánù wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ún ní funfun. Ní ti ooru tí irin ń tú jáde, funfun àti dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Dídán ló ń dí i lọ́wọ́. John Leslie, ará Scotland, ti fi èyí hàn láti 1804. Ẹ wá agolo mẹ́ta, ẹ bó ìwé ara wọn: ẹ kun ọ̀kan ní funfun, ẹ fi èéfín àtùpà sọ ìkejì di dúdú, ẹ jẹ́ kí ìkẹta máa dán. Ẹ bu omi híhó sínú wọn, kí ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ wọn. Funfun á gbóná sí yín lọ́wọ́ bíi dúdú. Èyí tó ń dán, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ ló máa pẹ́ jù kó tó tutù.

Nítorí náà, bí abẹ́ páánù yín bá ṣì ń dán, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dógùn-ún, ọ̀dà sílífà á ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀; bébà àlùmíníọ́ọ̀mù dára jù ú lọ, bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti páánù.

Bí ọyẹ́ bá ti lọ, ẹ gun òkè lọ fọ eruku kúrò lára funfun yẹn. Ojú ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, ibẹ̀ ni igi wà.