Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìtàn Fáńpáyà Inú Ilé-Ìwé Bọ́dìn Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ìtàn fáńpáyà, ìyẹn òkú tó ń jí dìde mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́langba ló ti ń kú kí fáńpáyà inú rẹ̀ tó rí ẹ̀jẹ̀ kankan mu. Oǹkọ̀wé á gbé ilé-ìwé ńlá kan kalẹ̀ sórí òkè, á ní ìkùukùu bò ó, á ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀. Kí a tó ka ojú-ìwé mẹ́wàá, ilé-ìwé ti pòórá. Kò sí agogo, kò sí kíláàsì, kò sí olùkọ́ mọ́. Ọmọ ọdún 16 ń rìn nínú igbó láago méjì òru, kò sì sẹ́ni tó bi í pé níbo lo ti ń bọ̀. Àṣìṣe tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù nìyẹn.

Ẹni tó ti gbé bọ́dìn rí mọ̀ pé agogo lọba níbẹ̀. Wọ́n á lù ú fún jíjí, wọ́n á lù ú fún oúnjẹ, wọ́n á lù ú fún ìkàwé alẹ́, wọ́n á tún lù ú kí wọ́n tó paná. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ olùkọ́ láàárọ̀, ó tún wà lọ́wọ́ màtírọ̀nù lálẹ́. Ẹni mẹ́fà lè sùn nínú yàrá kan, wọ́n á mọ ẹni tó ń hanrun, wọ́n á mọ ẹni tó ń sunkún lábẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n á sì mọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo lóru. Fáńpáyà tó bá wọ irú ibẹ̀ ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni yóò jókòó síwájú oúnjẹ tí kò lè jẹ, lójú gbogbo ilé-ìwé. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan á ti lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Màtírọ̀nù á ní kó lọ rí nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì á di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kò sì ní í bá nǹkan kan níbẹ̀. Ìtàn gan-an nìyẹn! Ẹ má lé màtírọ̀nù lọ kí àwọn ọmọ lè ráyè ṣeré ìfẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ jáde lóru, ẹ jẹ́ kó ná wọn ní nǹkan.

Àìyan òfin tí fáńpáyà inú ìtàn máa tẹ̀ lé ni àṣìṣe kejì. Lójú-ìwé 20, oòrùn ń jó fáńpáyà bí iná. Nígbà tó di ojú-ìwé 150, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan. Àwọn mìíràn a máa rò pé oòrùn tó ń pa fáńpáyà ti wà láti àtètèkọ́ṣe, pé ẹni tó bá yí i padà ti da àṣà rú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Dracula tí Bram Stoker tẹ̀ jáde ní 1897, fáńpáyà náà ń rìn ní Lọ́ńdọ̀nù lójú ọ̀sán. Agbára rẹ̀ ló kàn ń dínkù tí ilẹ̀ bá mọ́. Inú fíìmù Nosferatu, tó jáde ní Jámánì ní 1922, ni ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti wá pa fáńpáyà. Nítorí náà, ẹ lómìnira láti yan èyí tó wù yín, àmọ́ ẹ yan an kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́.

Òfin tó dára jù ni èyí tó máa forí gbárí pẹ̀lú òfin ilé-ìwé. Ẹ wo òfin pé fáńpáyà kò lè wọlé àfi tí ẹnì kan nínú ilé bá kọ́kọ́ pè é. Ta ló ni ilé ní bọ́dìn? Ṣé lẹ́tà ìgbàwọlé tí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí ti tó ìpè, àbí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ni ẹnu ọ̀nà yàrá tirẹ̀? Tí wọ́n bá lé e kúrò nílé-ìwé ńkọ́, ṣé ìpè náà ti bàjẹ́ nìyẹn? Ìbéèrè yìí nìkan lè gbé odindi ìwé. Dígí gígùn tí gbogbo ọmọ ń wò tí wọ́n bá ń fọ eyín láàárọ̀ náà wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá yan òfin pé òjìji fáńpáyà kì í hàn nínú dígí.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló wá gba ìfura jù. Fáńpáyà ọdún 200 jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú ojú ọmọ ọdún 17. Kí ló wá kọ́? Ó ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin kiri, ó ń dúró lójú fèrèsé wò ó bó ṣe ń sùn, ó ń yan ọ̀rẹ́ fún un, oǹkọ̀wé sì ń pè é ní ìfẹ́ àjídèwe. Èmi ò gbà. Olùkọ́ tó bá ṣe ìdajì rẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. N kò sọ pé kẹ́ ẹ má kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan nínú ìwé náà rí i pé ewu ni. Oǹkọ̀wé Sheridan Le Fanu ti ṣe é ní 1872, ọdún 25 ṣáájú Dracula, nínú ìtàn rẹ̀ Carmilla. Fáńpáyà ibẹ̀ ní ojú ọmọge, ó sì wá di ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò ní alábàárìn. Ọmọbìnrin náà sọ fún wa láìfi bò pé ọkàn òun ń fà sí i, ara òun sì ń kọ̀ ọ́, nígbà kan náà. Ẹ̀rù tó wà nínú ìwé náà, ibẹ̀ ló ti wá. Tẹ́ ẹ bá yọ kíkọ̀ tí ara ń kọ̀ ọ́ náà kúrò, fáńpáyà ti di ọmọkùnrin arẹwà tí ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Ẹ ṣírò ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Nǹkan bíi lítà 5 ló wà lára àgbàlagbà, ilé ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìdajì lítà lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó tún gbà. Ọmọ tí wọ́n ń fà mu lálaalẹ́ kò lè máa sá eré ìje. Tí ọmọ kan bá sì kú, àwọn òbí á dé, ọlọ́pàá á dé, wọ́n lè ti ilé-ìwé pa. Ìwé tí ọmọ mẹ́rin ti kú tí wọ́n ṣì ń múra ijó Sátidé, àwàdà ni.

Ìgbà tí ara àwọn ọmọ bá ń rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí àhesọ bẹ̀rẹ̀, àwọn oǹkọ̀wé sì máa ń fo ibẹ̀. Wọ́n á ní kí ọmọ náà lọ ṣí ìwé àtijọ́ kan ní láíbìrì, gbogbo ìdáhùn á sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù kì í rìn báyẹn láàárín èèyàn. Ní 1892, ní ìlú Exeter ní Rhode Island, Amẹ́ríkà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, ọmọkùnrin ilé náà sì ń ṣàìsàn. Àwọn aládùúgbò ní òkú kan ló ń jẹ alààyè. Wọ́n yẹ òkú wọn wò, wọ́n bá ti Mercy Brown, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, tí kò tíì jẹrà nítorí òtútù, wọ́n sun ọkàn rẹ̀, wọ́n po eérú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu. Ọmọkùnrin náà kú láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ gbé irú ìfura yẹn wọ yàrá ọlọ́mọ mẹ́fà, kí wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, bóyá ọmọ tuntun tí kì í báni sọ̀rọ̀. Fáńpáyà gidi á jókòó láàárín wọn, á sì máa mi orí.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké kò gba àlàyé: olùkọ́ tó ń fi ojú-ìwé mẹ́jọ ròyìn ìtàn ìran fáńpáyà, ọmọbìnrin tí wọ́n ní kò rẹwà, tí ọkùnrin mẹ́ta sì ń jà nítorí rẹ̀, fóònù tí ẹnikẹ́ni kò rántí títí di ojú-ìwé tí wọ́n nílò rẹ̀.

Ó ku ìsinmi. Ọjọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé ni àwọn oǹkọ̀wé ń ṣètò, wọ́n á gbàgbé ọjọ́ tó máa parí. Táàmù ń tán. Àwọn òbí á wá kó àpótí, họ́sítẹ́ẹ̀lì á sì ṣófo. Ta ló máa wá mú fáńpáyà lọ sílé, ta ló sì máa pè é wọlé?