Ẹ Má Kọ Orúkọ Ọmọ Sẹ́yìn Aṣọ: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìrìn Àjò Pẹ̀lú Ọmọdé

Ọmọ kì í pẹ́ sọnù láàrin èrò. Kí ẹ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì tán, ó ti tẹ̀ lé ẹlòmíràn tí aṣọ rẹ̀ jọ tiyín.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni orúkọ ọmọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn aṣọ tàbí ara báàgì rẹ̀. Lójú ọmọdé, ẹni tó bá mọ orúkọ òun, ará ilé òun ni. Bí oníṣẹ́ ibi bá pè é, yóò tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà fóònù yín ni kí ẹ kọ, níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ kò ti ní rí i àmọ́ tí ẹni tó bá rí ọmọ he yóò rí i: inú bàtà, abẹ́ ìgbànú, tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ọmọ kò lè dá tú. Ẹ má fi mọ sára jákẹ́ẹ̀tì nìkan, òun ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì fi okùn so káàdì mọ́ ọn lọ́rùn. Okùn lè há síbi tó ti ń ṣeré, kó sì fún un lọ́rùn.

Àwọn mìíràn á kọ nọ́ńbà ilé, bẹ́ẹ̀ gbogbo ará ilé ló wà lọ́nà. Nọ́ńbà tó ń dún lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú àmì + àti kóòdù orílẹ̀-èdè níwájú.

Ọ̀pọ̀ òbí ti wá gbọ́kàn lé AirTag, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tí nǹkan wà hàn lórí fóònù. Ẹrù ni Apple ṣe é fún, kì í ṣe ọmọ. Kò ní GPS tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí nǹkan wà; ẹ̀rọ Apple tó bá wà nítòsí ló ń bá a sọ ibi tó wà. Bátìrì CR2032 inú rẹ̀ sì kéré dé ibi tí ọmọ lè gbé e mì, ó sì lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí 2.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìkìlọ̀ tí àwa fúnra wa ń fún àwọn ọmọ: “Má bá ẹni tí o kò mọ̀ sọ̀rọ̀.” Ọmọ tó gbọ́ràn lè sá pamọ́ fún àwọn tó ń wá a. Kí ẹ tó wọ àárín èrò, ẹ fi ẹni tó lè bá hàn án: òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́, tàbí ìyá tó kó ọmọ dání. Ẹ ní kó dúró sójú kan, kó máa pe orúkọ yín gan-an. Bó bá jẹ́ “Mọ́mì” ló ń pè, ìyá wo ni kò ní bojú wẹ̀yìn?

Bí ẹ bá pọ̀, ẹ má rò pé ojú gbogbo yín wà lára rẹ̀. Kí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Ọwọ́ mi ló wà.”

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, láti orí dé bàtà, torí ìpayà máa ń jẹ́ kí òbí gbàgbé aṣọ tó wọ̀ fún ọmọ. Bí ẹ kò bá sì rí i mọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, kí ẹ má dá wá a kiri. Ẹ ké sí òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi fọ́tò náà hàn wọ́n, kí ẹnì kan sì kọ́kọ́ sáré lọ wo ibi tí omi tàbí ojú títì bá wà.