Hesperidin Inú Ọsàn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Bí a bá fi ọ̀bẹ bó ọsàn, èèpo òkè ni yóò kọ́kọ́ bọ́, òun ni ó ní òróró olóòórùn dídùn nínú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a óò kan ìpele funfun tí ó rọ̀ bí òwú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi èékánná họ dànù kí wọ́n tó fi awẹ́ ọsàn sẹ́nu. Inú funfun yìí, àti inú awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni èròjà tí a ń pè ní hesperidin pọ̀ sí jù lọ.

Onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Lebreton ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní ọdún 1828. Mólékù rẹ̀ kan ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 28, háídrójìn 34 àti ọ́síjìn 15, ṣùgbọ́n bí a ṣe so wọ́n pọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Apá méjì ni ó ní: hesperetin, tí í ṣe flavonoid gan-an (flavonoid ni orúkọ ìdílé àwọn èròjà kan tí ewéko àti èso ń ṣe), àti ṣúgà alápá méjì tí glúkóòsì àti rhamnose para pọ̀ di. Bí a ṣe so ṣúgà méjèèjì mọ́ ara wọn nínú hesperidin ọsàn dídùn, ahọ́n kì í gbọ́ adùn tàbí ìkorò kankan lára rẹ̀. Nínú ọsàn kíkorò, hesperetin kan náà àti ṣúgà méjì kan náà ni a tún rí, àmọ́ ojú ibòmíràn ni wọ́n ti so mọ́ra, ohun tí ó sì jáde, tí a ń pè ní neohesperidin, korò bí iwọ. Bí ilé iṣẹ́ bá wá fi háídrójìn kún neohesperidin yìí, ó tún di ohun tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,000.

Hesperidin kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá gbé ọsàn tàbí omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ń mú omi dì fi lè rí ẹ̀ún funfun wínníwínní lára awẹ́ tàbí ní ìsàlẹ̀ ife nígbà tí yìnyín bá yọ́. Hesperidin ni, kì í ṣe àmì pé ọsàn náà ti bàjẹ́. Nínú omi tí ó le bí omi kán-ún, ó máa ń yòrò, àwọ̀ rẹ̀ a sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí a bá da ásíìdì sí i, a tún padà sílẹ̀ ní funfun. Ọ̀nà yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ń gbà yọ ọ́ lára èèpo. Ẹ má ṣe dá a lẹ́bi nítorí ìkorò tí omi ọsàn máa ń ní nígbà mìíràn bí a bá fún un sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Limonin ló ń ṣe ìyẹn, kì í sì í ṣe flavonoid rárá.

Ìfun kékeré kò lè gba hesperidin sínú ẹ̀jẹ̀ bí ó ṣe wà. Ó ní láti dé ìfun ńlá, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé níbẹ̀ já ṣúgà rẹ̀ kúrò, kí hesperetin tó rí ọ̀nà wọlé. Nítorí náà, ó máa ń tó wákàtí márùn-ún sí méje lẹ́yìn tí ènìyàn bá mu omi ọsàn kí ó tó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara ẹnì kan ń rí gbà ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ní ọdún 1936, Albert Szent-Györgyi ará Hungary àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pe irú èròjà yìí ní fítámì P, nítorí wọ́n rò pé ó ń dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ń jò. Orúkọ náà kò dúró, torí pé a kò rí àìsàn kan tí àìrí i jẹ máa ń fà. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àlá: oògùn oníwọ̀n 500 mg kan wà, diosmin (flavonoid mìíràn) 450 mg àti flavonoid 50 mg tí a ń ṣírò bíi hesperidin, tí àwọn dókítà ń lò fún ẹsẹ̀ wíwú tí iṣan ń fà àti fún jẹ̀díjẹ̀dí. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àbájáde ìwádìí kò ṣọ̀kan. Ẹni tí ó bá sọ pé èèpo ọsàn lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ọjà rẹ̀ ló ń tà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí oògùn. Ní ọdún 1989 ni àwọn olùwádìí ní Kánádà ṣàdédé rí i pé omi girépù (grapefruit, ìbátan ọsàn tí ó tóbi tí ó sì korò díẹ̀, kì í ṣe èso àjàrà) ń mú kí felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí naringin, flavonoid tí ń mú girépù korò, ṣùgbọ́n àwọn furanocoumarin ni olórí ọ̀daràn: wọ́n ń pa iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù kan nínú ìfun tí ó yẹ kí ó dín oògùn kù. Ó kan simvastatin, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, náà. Ọsàn kíkorò lè ṣe bákan náà. Omi ọsàn dídùn kì í sábà ṣe èyí, àmọ́ ó lè dí ọ̀nà mọ́ fexofenadine, oògùn tí a ń lò fún ara yíyún, kí ó má wọlé tó. Omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì. Bí ẹ bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, ẹ bi apoògùn léèrè kí girépù tó wọ oúnjẹ yín.

Nínú ilé, ẹ fi díẹ̀ nínú funfun náà sílẹ̀ lára awẹ́, ẹ jẹ awẹ́ pẹ̀lú awọ rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi asẹ́ sẹ́ omi ọsàn jù. Ẹ fọ ọsàn kí ẹ tó gé e, nítorí ọ̀bẹ a máa gbé ohun tí ó wà lára èèpo wọ inú. Bí ẹ bá fẹ́ lo èèpo fúnra rẹ̀, ẹ wá èyí tí a kò fi oògùn apolú tàbí ìda pa lára lẹ́yìn ìkórè.

Ní ti àgbẹ̀, èso kékeré tí kò tíì gbó ni hesperidin pọ̀ jù nínú rẹ̀ bí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, nítorí náà èyí tí ẹ bá já dínkù lórí igi lè wúlò fún ẹni tí ń yọ èròjà yìí. Ẹ kọ́kọ́ bá olùrà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kó o jọ, ẹ sì ka iye ọjọ́ tí a kọ sára ìgò oògùn kòkòrò pé kí ó kọjá kí a tó já èso. Èèpo tútù kì í dúró: bí ẹ bá kó o jọ gègèrè, àárín rẹ̀ a gbóná, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ máa yí i, títí tí ẹ óò fi ṣẹ́ ọ̀kan tí yóò dún pàkà, tí kò ní tẹ̀.